Bọ́ọ̀lù tí Dèjì Kọ̀ láti Gbá ní Ìlọrin

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí a kúrò ní Fẹ́sítáàkì. Àwọn jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́, ẹ̀fọn nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kan ni ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wa ní Amúwo háyà, èmi nìkan sì ni òbí tó wọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ ní kí n má wọ̀ ọ́? Èmi wẹ́dà Alákijà, èmi ni mo jó irin tí wọ́n fi ta àwọ̀n sẹ́yìn pápá wọn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn géètì tó dúró dáadáa ní Amúwo, kí ẹ bèèrè ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré. Ibùdó mẹ́rin ló wà nílẹ̀, bésì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá yí i ká tó sì padà délé ti jẹ góòlù kan. Tí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ dé bésì, wọ́n á ní o ti kú, o máa lọ jókòó. Láti ìgbà tí òjò ti dá tí líìgì ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Bìní, ní Abẹ́òkúta, inú igbó ni wọ́n ti ń wá bọ́ọ̀lù tí Dèjì ọmọ mi bá gbá.

Ti Ìlọrin yìí ló máa kádìí líìgì. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ló gbé mi dìde o. Ọkùnrin tó ń ṣa àwọn tó máa lọ gbá fún Nàìjíríà lókè òkun máa wà níbẹ̀. Òun ni mo fẹ́ kó rí ọmọ mi.

Títì dán títí a fi kọjá Ìbàdàn. Láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyà wà, kòtò tó lè gbé ewúrẹ́ mì. Mo pariwo mọ́ dírẹ́bà: "Ṣé ìwọ lò ń wa mọ́tò ni, àbí mọ́tò ló ń wà ọ́?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ jó títì náà pọ̀, ṣebí wẹ́dà ni yín."

Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dúró ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo pe kóòṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ kékeré ni, ó kàwé jù. Mo ní, "Ní Bìní, o ní kí ọmọ mi rọra fi igi kan bọ́ọ̀lù, kó kú, kí ẹlòmíì lè ráyè wọlé. Ìyẹn ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ lónìí."

"Bàbá Dèjì, bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn."

"Níbo? Nílé bàbá ta ni?"

Ó wo ojú mi. "Ó dáa sà. Lónìí, Dèjì máa gbá a."

A dé Ìlọrin, mo ra wàrà, ìyẹn mílíìkì màlúù tí wọ́n sè títí tó fi dì. Èyí tá à ń rí ní Agboju ti rìn jìnnà kó tó dé, ó ti kan díẹ̀. Ti Ìlọrin rọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín in, ẹyọ kan igba náírà. Pápá wọn náà yàtọ̀. Omi ló ń yọ tiwa lẹ́nu. Ilẹ̀ pupa gbígbẹ ni tiwọn, eruku rẹ̀ wọ eyín mi. Ọkùnrin tó ń ṣa èèyàn jókòó sábẹ́ ìbòòji, ó dé fìlà funfun, ó ń jẹ ẹ̀pà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dèjì kọ́kọ́ jáde, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló fẹ́ bọ́ọ̀lù kù. Inú bí mi dé àtàǹpàkò. Nígbà tó jáde lẹ́ẹ̀kẹta, ìkẹyìn nìyẹn. Góòlù mẹ́ta sí mẹ́ta, àwa la sì máa gbá kẹ́yìn. Sọjí, ọmọ Agboju, ti dúró sí bésì kẹta, ilé ló kù tó máa wọ̀. Alájẹ-ẹ̀pà gbé ẹ̀pà rẹ̀ sílẹ̀. Mo dìde fùú: "Dèjì! Fọ́ ọ!"

Bọ́ọ̀lù náà wá geere, èmi gan-an ì bá gbá a dé Ọ̀fà. Dèjì rẹ igi sílẹ̀, ó rọra fi kàn án. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yí lọ díẹ̀díẹ̀. Sọjí ti gbéra. Àwọn ará Ìlọrin mú bọ́ọ̀lù, wọ́n jù ú sí bésì kìíní, Dèjì kú. Ṣùgbọ́n Sọjí ti wọlé. A borí.

Wọ́n gbé Sọjí sórí. Alájẹ-ẹ̀pà wá, ó bọ Sọjí lọ́wọ́, ó gba orúkọ rẹ̀ àti ti ọmọ Ìlọrin méjì. Kò tilẹ̀ bojú wo ibi tí Dèjì jókòó sí tó ń tú okùn bàtà.

Mo sáré wọ pápá, mo di kóòṣì mú lọ́rùn ẹ̀wù. "Mo sọ fún ọ àbí mi ò sọ fún ọ?"

"Bàbá, ẹ ń ya ẹ̀wù mi!"

"Ṣé ọmọ tìẹ ni? Lọ fi ọmọ tìẹ ṣe é!"

Dèjì dìde wá. Kò pariwo. "Dádì, ẹ fi kóòṣì sílẹ̀. Ó ní kí n gbá a. Èmi ni mi ò gbá a."

"Kí ló dé?"

"Mi ò rí bọ́ọ̀lù tí ọmọ Ìlọrin yẹn ń jù sí mi dáadáa látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ ẹ kù, Sọjí máa dúró síbẹ̀ ni."

"Kó dúró síbẹ̀! Kó ta gbòǹgbò síbẹ̀!"

"Dádì, gbogbo wa la jọ wá."

Ọwọ́ mi tú. Bọ́tìnì kóòṣì wà nínú rẹ̀. Mi ò tọrọ àforíjì. Mo fi bọ́tìnì náà sí i lọ́wọ́, mo sì lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Bí a ti ń bọ̀, wọ́n ń kọrin, Dèjì ń sùn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Sọjí ra kaṣú, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí eruku kó tó gbé e fún mi. "Ẹ ṣé sà. Ọmọ yín ló mú mi wọlé." Mo gbà á, mi ò jẹ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ lọ́nà yẹn kò dùn mọ́ mi: ọmọ tí o fẹ́ fi yangàn lè ti dàgbà kọjá ohun tí à ń fi yangàn, kò sì ní sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Mo bínú sí i. Mo ṣì ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bínú sí ẹni tó ṣe rere, kò síbi tó máa gbé ìbínú náà sọ̀.

Ìyàwó mi ti dúró lẹ́nu géètì. "Ṣé wọ́n mú un?"

"Sọjí ni wọ́n mú."

"Sọjí kẹ̀? Ta ló ṣe Dèjì báyìí?"

Dèjì wà lẹ́yìn mi, ó gbé báàgì mi dání. Mo ní, "Ìyá Dèjì, bu omi wá."

"Ẹ ò tíì dá mi lóhùn."

"Mo ní kó o bu omi wá. Fún ọmọ rẹ ṣáájú mi."