Ọta Tuntun Tí Mo Fà Lé Bàbá Ìyàwó Mi Lọ́wọ́

Ẹ gbà mí láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá, torí ìtìjú rẹ̀ ò tíì kúrò lójú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń bá àwọn èèyàn kó ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Àpápá. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́! Ọdẹ gidi ni bàbá ìyàwó mi. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún tí ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú wọn bá fẹ́ wọ igbó nílé, Bàbá ló máa ń kọ́kọ́ yìnbọn. Wọ́n á gbé pátákó kọ́ igi. Ẹni tó bà á ló máa ṣáájú ẹgbẹ́.

Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń nu ìbọn. Ìbọn àtijọ́ ni, ó níwèé àṣẹ. Katiriji tí wọ́n ń lò fún un, orí ọta rẹ̀ kúrú. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀! Mo ní tuntun kan ti jáde, pé orí ọta tiẹ̀ gùn, ó wúwo, ó sì ń lọ jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rí àwa ará Àpápá? Ohun tó bá ti jẹ́ tuntun ló dáa lójú wa. Bàbá bi mí pé ṣé ó máa bá ìbọn àwọn mu. Mo ní sáìsì kan náà ni, ó máa wọlé wẹ́rẹ́.

Mo ra páálí kan fún wọn, ó sì wọlé lóòótọ́. Àmọ́ nínú fídíò tí mo ti kọ́kọ́ rí ọta náà, ọkùnrin tó ń ṣàlàyé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìlà tó lọ́ yípo nínú ihò ìbọn, tó ń mú ọta yí bó ṣe ń jáde kó lè lọ tààrà. Ó ní ọta tó bá gùn ń fẹ́ ìlà tó lọ́ dáadáa, ti ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ ò sì lọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi nígbà yẹn, mo sáré fo ibẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ ìyìnbọn pé, èmi náà bá wọn lọ sílé. Bàbá yìn ín, kò bà á. Wọ́n tún yìn ín, etí pátákó ló gbá. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ihò tí ọta lù gùn bí ẹnu kóló: ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi wọlé! Mo mọ ohun tó fà á lójú ẹsẹ̀: ìlà inú ìbọn àtijọ́ náà ò lè yí ọta gígùn yẹn tó. Ṣé mo sọ̀rọ̀? Èmi, ẹlẹ́nu púpọ̀! Mo pa ẹnu mi mọ́, ẹlòmíràn sì ṣáájú wọn wọ igbó.

Nígbà tí a padà dé, mo yà kí Bàbá ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ti lọ ra awò ojú! Wọ́n ní ojú àwọn ti ń lọ, pé àwọn ò ní yìnbọn mọ́. Ìyàwó mi ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí. Kò sóhun tó ṣe ojú yín. Ọta tí mo ní kẹ́ ẹ lò ni ò bá ìbọn yín mu. Mo ti mọ̀ látìdí pátákó."

Wọ́n bọ́ awò náà, wọ́n ní, "O mọ̀, o wá jẹ́ kí n gbà pé mo ti ń fọ́jú?" Wọ́n fi awò náà sí mi lọ́wọ́. "Gbà, ìwọ lo nílò ẹ̀."

Mo ti lọ ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ fúnra mi. Wọ́n ní Bàbá máa tún yìn ín lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọta wọn àtijọ́. Awò náà wà lórí tábìlì mi ní Warehouse Road. Bí oníbàárà bá bi mí ní nǹkan, mo máa ń wò ó kí n tó lanu.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé àìmọ̀ mi ò tì mí lójú tó dídákẹ́ mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni ẹ ti dákẹ́ fún rí, tó fi ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi? Ẹ sọ ọ́ nísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kí n dá nìkan tijú!