Òkú Tí Ilé-Ìwé Mẹ́ta Sọ Pé Kì Í Ṣe Tàwọn

Ojú ọ̀nà ni Tíṣà Pyo Myeong-ok kú sí. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan ni, nínú oṣù Kejìlá, lórí ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó gun òkè láti ìlú wa lọ sáwọn abúlé orí òkè Jiri. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kíláàsì kan tán ní Ilé-Ìwé Girama Eunsol, ó sì ń sáré lọ kọ́ òmíràn nílé-ìwé orí òkè. Yìnyín ti bo ọ̀dà. Mọ́tò rẹ̀ yọ̀, ó forí sọ irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì ré sísàlẹ̀. Bí ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ débẹ̀ ṣe ń fa ilẹ̀kùn, fóònù olóògbé ń dún. Ọlọ́pàá náà gbé e.

"Tíṣà, ibo lẹ wà? Àwọn ọmọ ti jókòó, ariwo wọn ti fẹ́ ya òrùlé!"

"Ẹ má bínú," ni ọlọ́pàá dáhùn. "Tíṣà yín ò ní lè wá mọ́."

Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ni Tíṣà Pyo ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọ mi Bo-eun ló kọ́kọ́ mú orúkọ rẹ̀ wọlé fún wa, ìbínú ló sì fi mú un wọlé. Alàgbà ìjọ ni ọkọ mi. Ilé tí wọ́n ti ń gbàdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti tọ́ ọmọ náà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wọn tó ń jẹ́ Chu-won, mudang ni ìyá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó ń jó tí wọ́n sì ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀. Bo-eun ti bú u lójú gbogbo kíláàsì pé ilé ẹ̀mí èṣù ló ti wá. Kí ni Tíṣà Pyo ṣe? Kò nà án, kò sì lé e síta.

"Màámi, ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ fún mi!" Bo-eun ju báàgì sílẹ̀. "Ó ní mo lè bá ìgbàgbọ́ Chu-won jà bó bá ṣe wù mí, àmọ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ títí Chu-won fúnra rẹ̀ á fi sọ pé, 'Òótọ́ ni, o sọ ọ́ bó ṣe wà gan-an.' Títí dìgbà yẹn, ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́!"

"Ó dáa náà," ni mo wí. "Sọ ọ́ fún un, kó tán."

"Mo ti sọ ọ́! Ó ní irọ́ ni! Mo tún un sọ, ó tún ní irọ́ ni! Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, màámi!"

Ó gba ọmọ mi tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó dé ilé wọn. Ó bá ìyá Chu-won jókòó, ó jẹ àkàrà ìrẹsì wọn, ó béèrè ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí Chu-won gbà pé ó sọ ọ́ re, kò rántí bá a jà mọ́. Ó ṣì ń bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣì gbàgbọ́ gidi. Ṣùgbọ́n kò bú ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀kọ́ yẹn ò wúlò, ẹ̀kọ́ wo lẹ ní nílé-ìwé yín tó lè ṣe irú ẹ̀?

Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ àjèjì láti Uzbekistan háyà yàrá òkè kan lẹ́bàá ọjà láti máa kírun, ṣebí àwa àgbà la kọ ọ́ sára aṣọ funfun tá a so kọ́ ojú fèrèsé pé kí wọ́n kó lọ? Àwọn ọmọ kíláàsì Tíṣà Pyo ló gbé ọsàn lọ kí wọn. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ agbègbè wa ya fọ́tò àwọn ọmọ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà wọn, wọ́n pín in káàkiri. Inú wọn dùn sí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó máa jẹ́ ọ̀ṣọ́ ara ògiri.

Báwo ló ṣe wá di ẹni tó ń sáré lórí yìnyín? Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Eunsol, gbogbo kíláàsì ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ìjọ ló dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, orúkọ Ọlọ́run ṣì wà lára géètì wọn dòní. Àmọ́ àwa òbí ń fẹ́ ìṣirò, à ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, à ń fẹ́ ohun tí ìdánwò àtiwọ yunifásítì máa béèrè. Wọ́n ń gé ẹ̀kọ́ náà kù díẹ̀díẹ̀, títí iṣẹ́ Tíṣà Pyo ò fi kún ọwọ́ mọ́. Wọ́n wá pín in bí ẹran fún ilé-ìwé mẹ́ta. Ó bẹ Ọ̀gbẹ́ni Geum, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé Eunsol, pé kí wọ́n kó kíláàsì òun sọ́jọ́ kan ṣoṣo, kóun má bàa máa gun òkè láàárín iṣẹ́ nígbà òtútù. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ èsì ọkùnrin náà fún mi, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

"Tíṣà, ṣé nítorí ẹ̀sìn la ó ṣe wá sún ìṣirò? Ẹ gbàdúrà kí ọ̀nà gbẹ. Ṣebí iṣẹ́ yín nìyẹn!"

Mo lọ sí gbọ̀ngàn ìṣọ̀fọ̀ nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Pyo Seong-ok, nìkan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán olóògbé nínú aṣọ dúdú. Ní ìlú wa, òdòdó ìbánikẹ́dùn la fi ń mọ ẹni tó ka òkú sí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣófo. Eunsol rò pé ilé-ìwé orí òkè máa fi ránṣẹ́. Ti orí òkè ní ọmọ Eunsol ni. Ilé-ìwé ọmọbìnrin, tó jẹ́ ẹ̀kẹta, ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti kú.

Bo-eun àti Chu-won wọlé. Ọmọ mi dúró, kò lè sún síwájú.

"Mi ò lè wólẹ̀ fún àwòrán," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "O mọ bàbá mi."

"Ta ló ní kó o wólẹ̀?" ni Chu-won wí. "Ṣé o ti gbàgbé ni? Tíṣà ní kẹ́ni tó ń wólẹ̀ wólẹ̀, kẹ́ni tó ń gbàdúrà gbàdúrà. Ó ní àìwá nìkan lẹ̀ṣẹ̀. Gbàdúrà tìẹ, jàre."

Chu-won dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bo-eun dijú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọn ò tíì gbé ọbẹ̀ ẹran pupa tí wọ́n fi ń ṣàlejò ẹni tó wá kẹ́dùn síwájú wọn tán tí Ọ̀gbẹ́ni Geum fi wọlé. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní ó kúkú wá. Kò bọ́ bàtà. Kò wo àwòrán.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù," ó sọ fún Seong-ok. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wà lọ́wọ́ olóògbé. A fẹ́ máa lo yàrá náà fún Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀la."

"Ó wà nínú mọ́tò," ni Seong-ok wí. "Mọ́tò wà nínú kòtò. Ẹ lọ mú un."

Kò tán síbẹ̀. Seong-ok bẹ ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ ni àbúrò òun kú sí. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ó ti jáde ní ilé-ìwé kan, kò sì tíì dé èkejì, nítorí náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́ mi o! Ṣé fàájì ló gbé e gun òkè lówùúrọ̀ Ọjọ́rú? Ṣé ó ń lọ wo yìnyín ni? Ẹni tẹ́ ẹ pín sọ́nà mẹ́ta, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ ojú ọ̀nà di ibi iṣẹ́ rẹ̀?

Ní sáà tó ń bọ̀, kò ní sí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní Eunsol mọ́. Wọ́n ní kò sí olùkọ́. Wọ́n sọ ọ́ láìsí ìtìjú kankan, bí ẹni pé ṣe ni olùkọ́ náà ṣí lọ sí ìlú míì.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Geum ẹni tó ṣètò àkókò ẹ̀kọ́ yẹn. Ó ní ọ̀gá òun ni. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì ni. Ọ́fíìsì ní àwọn ilé-ìwé ló jọ fẹnu kò. Lọ́jọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ ọ́fíìsì náà máa jókòó lórí ẹ̀bẹ̀ Seong-ok lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún tẹ́lẹ̀ la wá ń fẹ́ pẹ̀lú agbára báyìí: ẹ sọ ọ́ níta gbangba pé ẹnu iṣẹ́ yín ni Pyo Myeong-ok kú sí. Ẹ dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà, kẹ́ ẹ sì gba odindi olùkọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dúró sójú kan.

Kẹ́ ẹ sì má fi yìnyín bojú mọ́. Yìnyín ò ṣètò iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Èèyàn ló jókòó sídìí tábìlì tó ṣe é, èèyàn náà lórúkọ, ó sì ń gbowó oṣù láàárín wa. Lọ́jọ́ Ajé, níwájú Seong-ok, kó dìde dúró.