Bàbá Mítà àti Okùn Aṣọ Rẹ̀

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Mítà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyàwó ti dúró, ọkọ ti dúró, akọ̀wé tó fẹ́ so wọ́n pọ̀ ti fi dígí sójú. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí ìgbéyàwó yìí kò fi gbọdọ̀ wáyé, kó sọ ọ́ báyìí tàbí kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ títí láé. Ni bàbá ìyàwó bá dìde.

Ọkọ ìyàwó gbá àga mú. Ìyá ìyàwó di ojú. Akọ̀wé yọ dígí, ó ní, "Bàbá, ẹ ní nǹkan sọ?"

"Rárá o," ni Bàbá Mítà wí, fèrèsé ló ń wò. "Òjò ló ń bọ̀, aṣọ sì wà lórí okùn nílé. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, mò ń bọ̀."

Ó sì lọ lóòótọ́. Kó tó padà dé, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ti ya fọ́tò tán. Ó wọlé pẹ̀lú kóòtù tó rin gbingbin, omi ń kán láti etí fìlà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ara rẹ̀ dá. "Aṣọ ò rẹ," ló fi dá a lóhùn.

Títí dòní, nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà, àlàfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìyàwó, ó tó ibi tí ènìyàn kan lè dúró sí. Gbogbo ẹbí ló ń fi í rẹ́rìn-ín, Nọ́ọ̀sì náà sì ń bá wọn rín in. Ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, ó dùn ún. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀, òun àti okùn aṣọ jọ du bàbá òun, okùn aṣọ ló gbà á. Kò bi bàbá rẹ̀ léèrè rí. Ó ń bẹ̀rù ohun tó máa gbọ́.

Ká má parọ́ mọ́ baba, ó ní ìdí tó fi fẹ́ràn okùn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ iná, tó ń ti ojúlé dé ojúlé ka mítà. Ojú rẹ̀ ti rí bí mítà ṣe ń sáré nílé onílé, kò sì fẹ́ kó sáré nílé tirẹ̀. "Ọlọ́run tan iná sókè lọ́fẹ̀ẹ́," ló máa ń wí, "ẹ tún ń wá èyí tí ẹ máa sanwó fún."

Okùn mẹ́ta ló ta sẹ́yìn ilé. Aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lórí okùn àárín, kí bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì lè bò ó lójú aráyé. Ṣòkòtò, ìbàdí ni kí o fi kọ́ ọ. Ṣẹ́ẹ̀tì, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọkọ Nọ́ọ̀sì kò mọ èyí nígbà àkọ́kọ́ tó wá kí àna rẹ̀, ó fi pẹ́ẹ̀gì há ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní èjìká méjèèjì. Bàbá Mítà dúró, ó wò ó títí.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ kí èjìká yín hu ìwo ni?"

Ọ̀rọ̀ òjò pàápàá ti di iṣẹ́ rẹ̀ ládùúgbò. Bí ó bá ti gbé imú sókè, tó ní "Ẹ kó o," gbogbo ojúlé á sáré jáde. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n kó o, wọ́n kó o, oòrùn sì ràn títí di ìrọ̀lẹ́. Aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì wá bá a pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ tútù lọ́wọ́.

"Bàbá, òjò dà?"

"Ó wá," ni Bàbá Mítà wí. "Ó rí i pé a ti kó aṣọ, ló bá bá tirẹ̀ lọ."

Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó gun àpótí láti tún okùn so, ó sì ṣubú. Ẹ̀rù ba Nọ́ọ̀sì. Egungun àgbà kì í tètè jiná, ojoojúmọ́ ló sì ń rí i níbi iṣẹ́. Ló bá ra ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ wá fún un. Baba dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run, ó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro àwọn tó dúró ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló béèrè:

"Kí ló ń jẹ?"

"Kì í jẹ nǹkan kan, Bàbá. Iná ni."

"Iná tó ń jẹ yẹn gan-an ni mò ń bi ọ́."

Ó gbé àga síwájú mítà, ó jókòó, ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ mọ ní gbogbo ayé rẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ pa á," ló ké láti ìta, "kó tó jẹ àwa náà." Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n gbé rédíò lé e lórí. Bí Nọ́ọ̀sì bá béèrè ẹ̀rọ, baba á ní ara rẹ̀ le, ó ń sinmi ni. Nọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín, á sì máa sọ nínú ara rẹ̀ pé okùn ti borí òun lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú dáadáa ni Bàbá Mítà lọ. Ó jókòó lórí àga sẹ́yìn ilé, ó ń ṣọ́ aṣọ. Nígbà tí wọ́n máa fi rí i, gbogbo aṣọ náà ti gbẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Nọ́ọ̀sì fọ àwọn bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tí àwọn àlejò lò. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ní òun á kúkú lo ẹ̀rọ. Ó gbé rédíò kúrò, ó ṣí i. Pẹ́ẹ̀gì ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu, onígi lọ́tọ̀, oníke lọ́tọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi di ẹkún.

"Màmá, okùn yìí ló gba bàbá mi lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi."

Ìyá rẹ̀ gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Aṣọ ta lo rò pé ó wà lórí okùn lọ́jọ́ náà?"

"Tiwọn ni. Ṣòkòtò wọn."

"Tìrẹ ni. Àjà jò sínú àpótí rẹ mọ́jú ọjọ́ ìgbéyàwó. Gbogbo aṣọ tí o fẹ́ kó lọ sílé ọkọ ló rẹ. Bàbá rẹ ló jí ní ìdájí, ló fọ gbogbo rẹ̀, ló sá a. Ó ní ọmọ òun ò ní kó aṣọ tútù wọlé ọkọ."

Nọ́ọ̀sì rántí. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣí àpótí rẹ̀, aṣọ inú rẹ̀ ń ta sánsán bí aṣọ tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú gbẹ, ó sì rò pé ìyá òun ló tún un ká.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Màmá?"

"Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ, kí o má baà máa ro ti àpótí nígbà tó yẹ kí o máa yọ̀. Nígbà tó yá, ìtàn yẹn ń pa yín lẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì nu ojú. Ó bu pẹ́ẹ̀gì kún ọwọ́, ó gbé agbọ̀n aṣọ tútù, ó kọjú sí ẹ̀yìn ilé. Ìyá rẹ̀ ní, "Àwọn èèyàn ń dúró dè ọ́ ní pálọ̀, wọ́n fẹ́ kí ọ kú ọ̀fọ̀."

"Ẹ ní kí wọ́n jókòó, Màmá," ló wí, ó ti ń wo ojú ọ̀run. "Mò ń bọ̀."