Ọmọ Tí Bàbá Lanu Bí Sínú Ìwé

Ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ti olú ilé-iṣẹ́ ìlera wá ṣèbẹ̀wò sí ilé ìgbẹ̀bí ni òkìkí Bàbá Lanu kàn. Ooru ọ̀sán mú ọ̀gá, ó yán. Kó tó pa ẹnu dé, Bàbá Lanu ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i lọ́fun. "Àjà ẹnu yín pé, sà," ló wí, "ṣùgbọ́n eyín kan ti jẹrà lẹ́yìn."

Akọ̀wé ni, kì í ṣe dókítà. Tirẹ̀ ni kó kọ ọmọ tuntun sínú ìwé: ọjọ́ ìbí, bó ṣe wúwo tó, àti bóyá àjà ẹnu rẹ̀ là. Ìyàwó rẹ̀, tó ń fọ aṣọ níbẹ̀, máa ń rí i láàárọ̀ tí oòrùn bá ń ṣàn gba ojú fèrèsé wọlé bí omi. Yóò máa lọ láti ibùsùn dé ibùsùn bí ẹni ń rìn lójú àlá. "Lanu, ọ̀rẹ́ mi. Lanu." Ó ní ẹnu ọmọ tuntun dà bí yàrá tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbé rí, èèyàn gbọ́dọ̀ wòkè bóyá ó ń jò.

Àwọn nọ́ọ̀sì ní kó ka ètè tó là nìkan, èyí tí gbogbo ayé ń rí. "Ilé tẹ́ ẹ ò wọ̀," ni yóò dáhùn, "ẹ ní kò jò!"

Ìyàwó rẹ̀ kì í bá wọn rẹ́rìn-ín síyẹn. Ètè àkọ́bí wọn pé pérépéré, àmọ́ imú ni omi ọyàn ń gbà jáde. Kò sẹ́ni tó wòkè. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò láyé.

Lọ́dún kan, olú ilé-iṣẹ́ ní bí àjà bá là fún ọmọ mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún tí wọ́n bí, dókítà oníṣẹ́-abẹ yóò wá rán an fún wọn. Bí kò bá pé mẹ́ta, kò ní wá. Bàbá Lanu ka ìwé: mẹ́ta gééré. Ilé ìgbẹ̀bí hó yèè.

Ọjọ́ kejì, ó rí i pé méjì nínú wọn jọ ara wọn jù: ọjọ́ ìbí kan, ìwọ̀n kan. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ bá ìyá ọmọ.

"Ẹ dákun, ṣé ìbejì lẹ bí ni?"

"Ìbejì kẹ̀? Ilé ni mo bí i sí kí wọ́n tó gbé wa wá. Ẹyọ kan ṣoṣo!"

"A jẹ́ pé èmi ni mo bí ìkejì," ló wí, "sínú ìwé."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ ọmọ kan náà: ìgbà tó gbọ́ pé wọ́n bí i nílé, àti ìgbà tí wọ́n gbé e dé. Ó fa ìlà pa ọmọ tó bí, ó ku méjì. Olórí nọ́ọ̀sì figbe ta. "Ta ló máa mọ̀, Bàbá Lanu?"

"Ìwé tó bá parọ́ lónìí, ta ni yóò gbà á gbọ́ lọ́la?"

Nílé, ìyàwó rẹ̀ kò gbé oúnjẹ fún un. "Tó bá jẹ́ tiwa ńkọ́?" Bàbá Lanu ki bátìrì tuntun sínú tọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti bí lọ́dún náà nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n kọ "ẹnu dáa" síwájú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó wo ẹnu wọn. Ó wá ń wá wọn kiri láti ilé dé ilé. Ajá lé e. Ìyá àgbà kan di ilẹ̀kùn mú: "Máa lọ o! Ọmọ wa ò tíì hu eyín tó o máa yọ!"

Ní ilé kẹtàdínlógún, ọmọbìnrin kan ti gbẹ bí ìgbálẹ̀. Wọ́n ní alágídí ni, kì í fẹ́ mu ọyàn. Bàbá Lanu tan tọ́ọ̀ṣì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọmọ yín kì í ṣe alágídí," ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni alágídí."

Mẹ́ta pé. Dókítà dé.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sin Bàbá Lanu tán, tí ilé dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé tọ́ọ̀ṣì lé itan. Ọmọbìnrin gíga kan wọlé, ó kí i.

"Ìwọ ta nìyẹn, ọmọ mi?"

Ọmọ náà kò dárúkọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó lanu.

Bátìrì ti ń kú lọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Lókè lọ́hùn-ún, ojú ibi tí wọ́n rán rí tín-ín-rín bí ìṣẹ́tí aṣọ ọmọ tuntun.

"Kò jò," ni ìyá wí.

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tán, ìyá ò tíì pa tọ́ọ̀ṣì, ọmọ náà ò sì tíì panu dé.