Àpótí Ìjókòó Lẹ́nu Ọ̀nà Ará Ilé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti na apá sókè kí ọwọ́ mi tó tó ọwọ́ ilẹ̀kùn, inú àgbàlá kan lẹ́yìn Trans-Amadi ni à ń gbé, ní Port Harcourt. Ọdún 1979, tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, ni mò ń sọ. Aṣọ́bodè ni bàbá mi. Ilé tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra ni. Ọmọ Ikwerre ni ìyá onílé wa, àwa àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nìkan la sì jẹ́ Yorùbá níbẹ̀.

Ẹ̀yin èwe, ọ̀dọ́kùnrin yìí kàwé. Ó gba oyè àkọ́kọ́ nílé, ó lọ gba èkejì lókè òkun lórí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, torí wọ́n sọ fún un pé àwọn ilé-iṣẹ́ Trans-Amadi yóò máa jà du ẹni tó bá ní oyè méjì. Yíyá ni owó tó fi kà á. Ọwọ́ bàbá arúgbó kan tó ń ra kòkó nílùú wọn ló ti yá a. Nígbà tó dé, kò ríṣẹ́. Síbẹ̀, lárààárọ̀, yóò de táì, yóò lọ dúró láàárín àwọn tó ń retí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lẹ́bàá títì. Bọ́ọ̀sì á dé, àwọn á wọlé, òun á ṣẹ́kù. Àwọn ọmọ àgbàlá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Masters! Your bus don pass o!" Á rẹ́rìn-ín, á tún táì rẹ̀ ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá olówó dé. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé àpótí ìjókòó kékeré tó gbé wá láti ilé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀dọ́kùnrin náà, ó jókòó lé e, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó sì kọjú síta. Bàbá mi ṣàlàyé fún wa pé bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń gba gbèsè nìyẹn: wọn a dógò ti ẹni tó jẹ wọ́n, wọn a jókòó tì í títí yóò fi san án. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣì ń ṣe é. Yàrá ẹni tó jẹ ẹ́ ni bàbá náà ń sùn, oúnjẹ ẹni tó jẹ ẹ́ ló sì ń jẹ.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó jókòó láìkí i. Bí a bá ń jáde, "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá." Bí a bá ń wọlé, "Ẹ kú ìjókòó o." Kì í sọ ju "Òo" lọ, ohùn rẹ̀ sì jìn bíi ti ẹni tó ń dáhùn láti inú kànga. Ọ̀dọ́kùnrin náà pàápàá a máa dọ̀bálẹ̀ kí i, tòun ti táì lọ́rùn, kó tó lọ síbi bọ́ọ̀sì. Adìẹ ìyá onílé kì í gba iwájú bàbá náà kọjá.

"This one na juju," ni ìyá onílé sọ.

Ìyá mi ní, "Mama, no be juju. Na gbese."

"Gbese wey dey sit down?"

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àìsàn mú bàbá náà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá gbé e. Wọ́n fẹ́ gbé àpótí náà sínú ọkọ̀, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo." Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé ó ti kú nílé.

A rò pé ara yóò tu ọ̀dọ́kùnrin náà. Lọ́jọ́ kejì tí ìròyìn dé, ó de táì rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó jáde, ó sì jókòó lórí àpótí náà. Kò lọ síbi bọ́ọ̀sì mọ́. Ó kọjú síta, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ìyá mi ń pọnmi bọ̀, mo tẹ̀ lé e. Ìkíni náà ti mọ́ ọn lẹ́nu, kó sì tó ronú, ó ti ní, "Ẹ kú ìjókòó o."

"Òo," ni ọ̀dọ́kùnrin náà dáhùn.

Láti inú kànga ni. Ìyá mi sọ korobá kalẹ̀, ó fà mí wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀gbọ́n ọ̀dọ́kùnrin náà obìnrin ló wá mú un lọ sílé nígbẹ̀yìn. Nínú ọkọ̀, orí itan ló gbé àpótí náà lé, bí ẹni gbé ọmọ.

Eneka, ní Port Harcourt níbẹ̀ náà, ni ilé mi wà báyìí. Mi ò kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdírì, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi ti gba oyè àkọ́kọ́, wọ́n sì ti gbà á wọlé fún èkejì lókè òkun. Owó rẹ̀ ju agbára èmi àti bàbá rẹ̀ lọ. Ọmọ náà ní, "Mummy, with one degree, who go look my face?" Mo bi í pé ta ló ń wo ojú àwọn tó ní oyè méjì. Ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ fún un. Ọmọ kan ládùúgbò wa yáwó lọ, ó ríṣẹ́, ó san án tán, ó sì pààrọ̀ òrùlé ìyá rẹ̀. Òmíràn yáwó lọ, ó padà dé, kẹ̀kẹ́ akérò ló ń wà lọ́nà Rumuolumeni. Èwo nínú wọn ni ọmọ tèmi? Ìyá wo ló mọ̀ ọ́n?

Ayé ti yí padà. Ẹni tó ń yáni lówó lónìí kì í rin ìrìnàjò wá gbé àpótí kalẹ̀. Inú fóònù ló ń gbé. Kì í jẹ oúnjẹ wa, kì í ṣàìsàn, a kò sì ní gbọ́ láéláé pé ó kú. Síbẹ̀, mi ò jẹ́ gbé àga kankan sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì dá àwọn olówó náà lóhùn títí a ó fi jọ jókòó sọ ọ́.

Lánàá, mo ti ọjà dé ní ọ̀sán. Ó ti gbé àga kan jáde síbi tí nẹ́tíwọ̀kì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó kọjú síta, fóònù wà lórí orúnkún rẹ̀. Mo rí ojú fóònù náà: ó ti gba owó wọn, wọ́n sì ti kí i kú oríire. Ìkíni àtijọ́ yẹn dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mi ò la ẹnu rárá.

Ọmọ mi yìí, tó jẹ́ pé "Yes, ma" ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré, kò gbójú sókè.

"Òo," ni ó wí.