Ẹ̀san Àkàbà

Bọ̀ọ̀dá mi ga. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀, torí gíga yẹn ló kó o wọnú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bó bá ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, á tẹrí ba bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà, síbẹ̀ àtẹ́rígbà á ṣì gbá a níwájú orí, òun náà á sì bú àtẹ́rígbà náà bí ẹni ń bú ènìyàn. Àkàbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá wa nìkan ni kò pè é bẹ́ẹ̀ títí tó fi sùn nínú Olúwa.

Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi. Èmi ń ránṣọ, òun ń jó irin pọ̀: géètì, ojú fèrèsé, ẹsẹ̀ tábìlì. Iná rẹ̀ tó ń ta pàrà ti lu kọ́tìnì mi débi pé oníbàárà kan bi mí bóyá àwọ̀n ẹja ni mo ta sẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí ó tó dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, fún orílẹ̀-èdè yìí. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin wa kò tíì lórúkọ nígbà náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn figagbága, wọ́n lù wọ́n lálùbolẹ̀. A gbọ́ pé àwọn tó gbà wọ́n lálejò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà kejì wọ́n borí nínú eré ẹyọ kan, wọ́n sì padà wálé bí ẹni tó ṣẹ́gun ayé. Ìgbà kẹta ni bọ̀ọ̀dá mi wọ ẹgbẹ́ náà, ìgbà yẹn sì ni wọ́n rìn dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí: ó ku eré kan ṣoṣo kí wọ́n lọ sí ìdíje àgbáyé. Orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá ni wọ́n fẹ́ bá gbá a.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń gbọ́ eré lórí rédíò kò mọ̀. Pápá tí àwọn ọmọ wa fi ń gbáradì ní àwọ̀n méjì bíi ti gbogbo pápá, ṣùgbọ́n irin ọ̀kan ti já bọ́ tipẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi, tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà lọ́wọ́ nígbà náà, ní òun á jó o padà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn aláṣẹ ní ohun ìjọba ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìjọba náà kò sì fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jù sí àwọ̀n kan ṣoṣo láàárọ̀ lọ́sàn-án, títí ẹsẹ̀ wọn fi mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ewúrẹ́ ṣe mọ ọ̀nà ilé.

Nínú eré yìí, lẹ́yìn ìsinmi ìdajì, ẹgbẹ́ méjèèjì máa ń pààrọ̀ ìhà. Àwọ̀n tí ẹ ti ń ṣọ́ ni ẹ ó wá máa jù sí. Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe ti ìsinmi dé, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ balógun ẹgbẹ́ wa. Fèrè là ń pè é, torí ó máa ń ki ìka méjì bọ ẹnu, á sì súfèé tó lè jí òkú. Fèrè gbá bọ́ọ̀lù lọ tààrà síbi àwọ̀n tí wọ́n ti ń jù sí kí ìsinmi tó dé, bí wọ́n ti kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ìhà kejì yà fún un, wọ́n ń wò ó. Ó súfèé, ó ju bọ́ọ̀lù sókè, ó kígbe pé, "Àkàbà, rì í!" Bọ̀ọ̀dá mi ti fò kí ọpọlọ rẹ̀ tó bá a. Ó rì í bọ inú àwọ̀n. Àwọ̀n wa ni. Wọ́n ka ayò náà fún àwọn ará ìhà kejì, àmì ayò kan péré ni wọ́n sì fi borí wa nígbẹ̀yìn.

Àṣìṣe ni. Ọlọ́run mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníròyìn rédíò gbé ẹ̀rọ sí Fèrè lẹ́nu, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ bi Àkàbà. Ẹ bi í níbi tó ti fẹ́yàwó."

Ará orílẹ̀-èdè yẹn ni ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó.

Ó tán. Wọ́n ní ó ta eré fún àwọn àna rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Bí ìyàwó rẹ̀ bá wọ ọkọ̀, àwọn obìnrin á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń da ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi fara da gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá wa pè é wọ yàrá, ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni?" Bọ̀ọ̀dá mi dìde. Ó jáde, kò sì bá bàbá wa jókòó jẹun mọ́ títí bàbá fi kú.

Èmi onígbàgbọ́, mo ní kí ó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ó ní, "Àbúrò mi, mo ti fi lé e lọ́wọ́. Ṣé ó ti gbà á?"

Mo ń bá a lọ láti máa gbàdúrà. Mo gbààwẹ̀. Fèrè ń sanra. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà, ó ra ọkọ̀, ohùn rẹ̀ kò wọ́n lórí rédíò. Lábẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ wa ń lọ sókè òkun, wọ́n ń padà, kò sí èyí tó kọjá ìpele àkọ́kọ́, Fèrè sì ń rí ẹni tó máa dá lẹ́bi lórí rédíò lọ́dọọdún. Láwọn àárọ̀ kan, bí mo bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í tètè wá.

Ọmọ kan ṣoṣo ni bọ̀ọ̀dá mi bí. Kékeré là ń pè é, ẹ̀fẹ̀ ni, torí ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Bọ̀ọ̀dá mi jó irin méjì, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ sí ìpẹ̀kun àgbàlá wa méjèèjì, ó so àwọ̀n mọ́ wọn. Ibẹ̀ ni Kékeré ti dàgbà. Nígbà tó yá, gbogbo ẹni tó mọ eré náà ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Eré kan ṣoṣo tún wá kù kí orílẹ̀-èdè wa lọ sí ìdíje àgbáyé. Àwọn àna bọ̀ọ̀dá mi yìí kan náà ni wọ́n tún fẹ́ bá gbá a, nínú gbọ̀ngàn wa níbí. Fèrè kò ní ẹni gíga kankan. Ó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù bọ̀ọ̀dá mi, òun àti akọ̀wé àwọn aláṣẹ.

"Àkàbà, o kú iṣẹ́."

Bọ̀ọ̀dá mi kò ṣí awò dúdú tó fi bo ojú. "Ta nìyẹn? Iná ò jẹ́ kí n ríran."

"Èmi ni. A wá tọrọ ọmọ ni."

"Ẹ wá tọrọ ọmọ? Ọkùnrin lọmọ mi o. Ẹ gbìyànjú ilé kejì."

Àwọn tó ń kọjá bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà ní, "Bàbá, ẹ rántí pé orílẹ̀-èdè yín ni."

"Ṣé èmi náà ní orílẹ̀-èdè? Ẹ jẹ́ kí n bi ìyàwó mi." Ó wá paná, ó kọjú sí Fèrè. "Lọ sórí rédíò. Sọ pé ìwọ lo gbá bọ́ọ̀lù gba ọ̀nà òdì. Bí o bá sọ ọ́ lónìí, Kékeré á dé pápá lọ́la."

Fèrè ní, "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọ níbí." Ó ti ń tẹ̀.

"Dìde jàre. Ìta gbangba lo ti bà mí jẹ́, inú ṣọ́ọ̀bù lo fẹ́ ti tún mi ṣe?"

Ojú Fèrè le. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Láìsí ọmọ rẹ náà, a ó borí." Wọ́n lọ.

Òfin eré náà ni pé ọmọ lè gbá a fún ilẹ̀ ìyá rẹ̀, bí kò bá tíì gbá a fún ti bàbá. Bọ̀ọ̀dá mi pe Kékeré, ó bi í lójú èmi àti ìyá rẹ̀ bóyá ó máa lọ.

Ó ní, "Dádì, láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ àjèjì. Ẹ jẹ́ kí n lọ jẹ́ ẹ."

Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Mo bá bọ̀ọ̀dá mi jà. "Bí ẹ bá ṣe èyí, irọ́ tí wọ́n pa mọ́ yín á di òótọ́!"

"Nígbà tó jẹ́ irọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n pè mí ní nǹkan mìíràn?"

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún. Nígbà tí Kékeré wọlé nínú aṣọ àwọn ará ìyá rẹ̀, wọ́n hó lé e lórí títí ilẹ̀ fi ń mì. Mo gbàdúrà, mi ò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Mo ní kí Ọlọ́run ṣe èyí tó tọ́. Àdúrà ojo ni.

Ọmọ yẹn kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa bá jù, á gbá a dànù lókè bí ẹni ń lé eṣinṣin. Èyí tó bá rì sáwọ̀n, á yíjú sí Fèrè níbi tó dúró sí, á ki ìka méjì bọ ẹnu, á súfèé. Fèrè kọ́kọ́ ń pariwo. Nígbà tó yá, ó jókòó. Ẹgbẹ́ wa fìdí rẹmi, àwọn àna lọ sí ìdíje àgbáyé. Bọ̀ọ̀dá mi dìde láàárín àwọn tó ń bú u, ó pàtẹ́wọ́, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi rí i.

Wọ́n lé Fèrè lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ní ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àna náà ni kò fi mú ọmọ náà. Ìyàwó Fèrè wá ń sá fún ojú ọ̀nà. Ní ti bọ̀ọ̀dá mi, oníbàárà rẹ̀ dínkù. Mo ń retí kí ó kábàámọ̀, kí n lè rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù mi. Kò kábàámọ̀. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń kọrin nídìí irin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fèrè dá wá. Kò gbé ọkọ̀. Ó ti rù.

"Àkàbà, mo fẹ́ lọ sọ ọ́. Lórí rédíò. Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Kí ló dé?"

"Ọkàn mi ò balẹ̀."

"Nígbà tí tèmi ò balẹ̀, ta ni mo lọ bá?" Bọ̀ọ̀dá mi gbé irin kan, ó gbé e kalẹ̀. "Má lọ. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Orúkọ rẹ ni mo fẹ́ tún ṣe!"

"Bàbá mi tó fẹ́ gbọ́ ọ ti kú. Bí o bá lọ, èmi náà á lọ lọ́jọ́ kejì. Màá sọ fún wọn pé irọ́ lo ń pa, pé mo tà á lóòótọ́. Ta lo rò pé wọ́n máa gbà gbọ́ lónìí?" Ó bo ojú rẹ̀. "Máa gbé e káàkiri. Ó wúwo. Mo mọ̀."

Iná ta pàrà. Fèrè sọdá sọ́dọ̀ mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ Ọlọ́run. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà sí i."

Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wa ní ọ̀rọ̀ ìdáríjì láìmọye ìgbà. Mo ní kí ó jẹ́ kí n parí ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí mo ń rán. Mo rán an tán. Mo tún fa èkejì sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo ń tẹ ẹ̀rọ náà lọ, mi ò gbójú sókè, títí mo fi gbọ́ tí bẹ́ǹṣì náà dún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jìnnà.