Ojú Ìwé Tí Mo Fẹ́ Fò

Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ní ilé kejì ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ní Sátidé ọjọ́ náà, òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti borí ti ẹja. Ìtọ̀ ṣúgà ti ba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jẹ́, ọmọ ìka ti dúdú, dúdú náà sì ń gòkè. Dókítà ní bí a kò bá gé e kí Ọjọ́rú tó kọjá, ẹ̀mí á bá a lọ. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. "Odindi ni mo wá sáyé, odindi ni n ó padà. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Láti Ìtamàga ni mo ti máa ń lọ kàwé fún un ní Sátidé, torí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ìwé tí à ń kà nígbà náà, ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ni ní ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ló fi ròyìn bí òun ṣe gbé ayé, àti ohun tó mú kí ayé náà dùn. Bí ó bá sọ ohun tí kò tẹ́ bàbá mi lọ́rùn, bàbá á ní kí n dúró, á sì dá a lóhùn bí ẹni pé ó jókòó tì wá.

Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, kí a tó dé Ìmọ̀tà, mo yẹ orí tó kàn wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní oúnjẹ ayé tí òun jẹ ti tó òun, pé bí wọ́n bá ní kí òun dìde, òun ò ní bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún bù sí i. Mo ní, bí bàbá mi bá gbọ́ èyí, ó parí.

Nígbà tí mo kàwé débẹ̀, mo ṣí ewé méjì pọ̀, mo ń bá a lọ. Mo gbàgbé pé tíṣà ni bàbá mi. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ń dijú gbọ́ ìwé kíkà lẹ́nu àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Irú àgálámàṣà wo ni kò tíì gbọ́ rí?

"Padà sẹ́yìn. O ti fo ibì kan."

"Bàbá, n ò fo nǹkan kan o."

"Èmi lò ń parọ́ fún? Kà á."

Mo kà á bí ẹni tó ń buwọ́ lu ikú bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo pa ìwé dé. Mo ń gbọ́ bí ọ̀rá ẹja ṣe ń kán sínú iná lọ́dọ̀ aládùúgbò.

"Ọkùnrin yìí ti yó," bàbá mi wí. "Èmi ò tíì yó." Ó fi ọwọ́ bo ojúgun rẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n sùn kí wọ́n tó gé e?"

Àṣé ẹ̀rù ló ń bà á látọjọ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi, tí gbogbo wa ń bá òwe rẹ̀ jà. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn báyìí, ó sì ṣì ń tún ìwé kíkà mi ṣe. Ojú máa ń tì mí bí mo bá rántí. Mo rò pé mò ń gba ẹ̀mí rẹ̀ là nígbà tí mo fi ojú ìwé yẹn pamọ́ fún un. Ká ní ó jẹ́ kí n fò ó ni, à bá ti sin ín tòun ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.